Dígí já lóru: kí la fi ń gbé nǹkan kọ́ sára ògiri drywall?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Oṣù mẹ́ta rèé tí a ra ilé wa àkọ́kọ́ ní Houston níbí. Ọkọ mi gbé dígí ńlá kan kọ́ sí pálọ̀, ó wọ̀n tó pọ́n-ùn 38. Ike kéékèèké mẹ́rin tó bá a wá nínú páálí ló fi kọ́ ọ. Nígbà tó di ọjọ́ kọkànlá, ní nǹkan bí aago méjì òru, a kàn gbọ́ gbàràmù! Dígí ti rún wómúwómú, ihò mẹ́rin ti ya sára ògiri. Ọpẹ́lọpẹ́ pé àwọn ìbejì ti sùn. Ọkọ mi ní páálí lásán ni wọ́n fi kọ́lé níbí, pé nílé bàbá òun n'Íbàdàn, ìṣó kọnkéré kan ṣoṣo ló gbé àwòrán bàbá àgbà dúró láti ogún ọdún sẹ́yìn. A ṣì fẹ́ gbé dígí mìíràn kọ́, a fẹ́ gbé tẹlifíṣàn íǹṣì 55 kọ́, èyí tí apá rẹ̀ ń nà jáde, a sì fẹ́ ṣe pẹpẹ kan sí kíṣìnì fún ìgò èròjà àti àwo. Mo dé ilé ìtajà, anchor, ìyẹn ohun tí wọ́n ń kì bọ ògiri kó lè di síkúrù mú, tí mo bá níbẹ̀ pọ̀ débi pé orí mi dàrú. Ẹ jọ̀wọ́, èwo ló lágbára jù nínú wọn? Èmi ni Ìyá Ìbejì.

Ìdáhùn: Ẹ kú ewu, Ìyá Ìbejì. Ká dúpẹ́ pé dígí nìkan ló fọ́. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbèjà bàbá wọn díẹ̀. Kì í ṣe pé ó fọwọ́ hẹ iṣẹ́. Ohun tí wọ́n dì sínú páálí dígí yẹn ló tàn án jẹ. Èyí tó lágbára jù tí ẹ ń béèrè, èmi náà wá a kiri nígbà tí mo kọ́kọ́ dé. Mo ti kọ́ṣẹ́ káfíńtà parí ní Mọ́kọ́lá kí n tó wọkọ̀ òfurufú, mo gbà pé kò sí ògiri tí mi ò mọ̀. Kọ́bọ́ọ̀dù kíṣìnì tí mo kọ́kọ́ gbé kọ́ fún oníbàárà kan ní Texas níbí, anchor olówó gọbọi ni mo fi kọ́ ọ. Kò lò tó ọ̀sẹ̀ méjì tó fi já tàwotàwo. Owó àwo yẹn, èmi ni mo san án.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé anchor tó lágbára jù láyé, bí ẹ bá kì í bọ ibi tí kò yẹ, yóò já. Kí ẹ tó yọ owó, ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó wà lẹ́yìn ibi tí ẹ fẹ́ lu, kí ẹ sì mọ apá ibi tí ẹrù náà yóò máa fà sí. Bí ẹ bá ti mọ méjèèjì, anchor tí ẹ máa rà ò ní le mọ́, ó sì lè jẹ́ pé ẹ ò ní ra ìkankan rárá.

Ẹ wo ojú ihò tí dígí yẹn fà ya lára drywall, ìyẹn awo pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń bo ògiri inú ilé níbí. Ẹ ó rí páálí níwájú, ẹ ó rí nǹkan funfun bí ẹfun láàárín, ẹ ó tún rí páálí lẹ́yìn. Lẹ́yìn ìyẹn, òfìfo ni, àfi bí ẹ bá bá òwú tí wọ́n fi ń dènà ooru àti òtútù pàdé. Nǹkan funfun náà ni gypsum, òkúta tí wọ́n ń wà jáde nínú ilẹ̀. Ẹ ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Òun ni wọ́n ń yan nínú iná, tí wọ́n ń lọ̀ kúnná, tó ń di POP tí wọ́n fi ń ṣe àjà ilé l'Ékòó àti n'Íbàdàn. Bí wọ́n bá ti po POP mọ́ omi, tó gbẹ, ó ti padà di irú òkúta tó jẹ́ tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Torí náà, bí bàbá wọn bá tún sọ pé páálí ni, ẹ bá mi bi í pé: ta ló ń gbé fáànù kọ́ sára POP? Kò sí oníná tó jẹ́ dán an wò. Ìkọ́ irin tó ti inú dẹ́ẹ̀kì jáde ni fáànù ń rọ̀ mọ́. POP kàn wà níbẹ̀ fún ẹwà ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ògiri yín rí. Aṣọ ni drywall, òpó igi tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni egungun.

Aṣọ náà ò sì nípọn. Nínú ọ̀pọ̀ ilé níbí, ìdajì íǹṣì ni ti ara ògiri. Ti àjà àti gáréèjì lè tó íǹṣì 5/8. Àwọn èèyàn wa tó wà ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ń pè é ní plasterboard, mìlímítà 12.5 ni wọ́n máa ń bá pàdé jù. Ìdajì íǹṣì ẹfun ni gbogbo ohun tí ike kékeré yẹn rí dì mú.

Ike náà gan-an, tí à ń pè ní rawl plug nílé, ògiri mìíràn ni wọ́n torí ẹ̀ ṣe é. Ní nǹkan bí ọdún 1911, John Joseph Rawlings ní London ń wá ọ̀nà tí yóò fi kan nǹkan iná mọ́ ògiri British Museum láì ba ògiri náà jẹ́, ibẹ̀ ni plug tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí dòní ti wá. Ní 1958, Artur Fischer ará Jámánì gbé ti náílọ́ọ̀nù jáde. Ọgbọ́n kan náà ló wà nínú méjèèjì: bí síkúrù bá ń wọlé, plug á máa wú, á fún mọ́ ògiri, ògiri náà á sì fún un padà. Búlọ́ọ̀kù tó ń fún un padà yìí ló gbé àwòrán bàbá àgbà dúró n'Íbàdàn. Ẹfun ò lè fún nǹkan kan padà. Bí plug ṣe ń wú ni ẹfun ń rún. Yóò dúró lọ́jọ́ kìíní, yóò dúró lọ́jọ́ kẹwàá, ẹrù á sì máa yọ́ fà á títí di aago méjì òru ọjọ́ tó kàn.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Lórí ọ̀rọ̀ drywall, ẹ̀yìn yẹn ni gbogbo iṣẹ́ wà: bóyá kí síkúrù wọ igi tó wà lẹ́yìn, tàbí kí nǹkan kan la ẹsẹ̀ lẹ́yìn ògiri, kó di gbogbo ìnípọn rẹ̀ mú látẹ̀yìn wá síwájú. Ohunkóhun tó bá jẹ́ inú ẹfun nìkan ló há sí, nǹkan fúyẹ́fúyẹ́ ni kí ẹ fi rọ̀ mọ́ ọn.

Nítorí náà, ẹ wá òpó kí ẹ tó wá anchor. Òpó yìí, tí wọ́n ń pè ní stud, máa ń dúró gbọnrangandan láti ilẹ̀ dé àjà. Láti àárín ọ̀kan dé àárín èkejì sábà máa ń jẹ́ íǹṣì 16. Nínú ilé mìíràn ó lè jẹ́ 24. Ojú tó kọ sí yín kò fẹ̀ ju íǹṣì 1½ lọ, bí wọ́n tilẹ̀ ń pe igi náà ní 2x4. Ẹ rántí ìyẹn dáadáa: bí ẹ bá fi íǹṣì kan péré ṣì í, inú òfìfo lẹ wà.

Ẹ lè ra ẹ̀rọ kékeré tó ń wá òpó, kò wọ́n, ṣùgbọ́n ó máa ń purọ́. Bí ẹ bá gbé e kọjá lórí páìpù tàbí wáyà, á dún bí ẹni pé ó rí igi. Èmi fẹ́ràn òòfà. Síkúrù ni wọ́n fi kan drywall mọ́ òpó, kí wọ́n tó fi ìpara bo orí wọn. Bí ẹ bá mú òòfà kékeré kan tó lágbára, tí ẹ rọra ń wọ́ ọ káàkiri ara ògiri, á lẹ̀ pẹ́ níbi tí orí síkúrù wà. Ẹ fi pẹ́ńsù sàmì síbẹ̀. Ẹ wá òmíràn lókè tàbí nísàlẹ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá rí mẹ́ta tó tò sórí ìlà kan náà, òpó nìyẹn. Ẹ wá wọn íǹṣì 16 sọ́tùn-ún, ẹ wọn ọ́n sósì, ẹ wò ó bóyá òòfà tún máa lẹ̀ níbẹ̀. Sọ́kẹ́ẹ̀tì iná náà ń tọ́ni sọ́nà, nítorí ẹ̀gbẹ́ òpó ni wọ́n sábà máa ń kan àpótí rẹ̀ mọ́, bóyá lápá ọ̀tún, bóyá lápá òsì. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ẹ mú ìṣó tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ẹ kàn án síbi tí dígí tàbí tẹlifíṣàn máa bò mọ́lẹ̀. Bó bá wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́ lẹ́yìn ìdajì íǹṣì, òfìfo ni. Bó bá ṣì ń ta kú bí ẹ ṣe ń kàn án, ẹ ti dé orí igi. Ẹ kan ìṣó náà sọ́tùn-ún sósì díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ó fi mọ etí òpó méjèèjì, kí síkúrù yín lè wọ àárín gbùngbùn.

Nínú ilé alájà púpọ̀ tí wọ́n ń yá gbé, òpó náà lè jẹ́ irin pẹlẹbẹ tí inú rẹ̀ ṣófo, òòfà á sì máa lẹ̀ ní gbogbo gígùn rẹ̀. Ìyẹn kì í di síkúrù igi mú; bóòtù abìyẹ́ tí mo máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìpẹ́ ni kí ẹ gbà á láàárín kọjá.

Ẹ jọ̀wọ́, ọ̀rọ̀ iná ò gba àwàdà. Láti ara sọ́kẹ́ẹ̀tì àti súìsì, wáyà sábà máa ń gun òkè tààrà tàbí kó sọ̀kalẹ̀ tààrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó. Ẹ má lu ihò sí òkè gan-an tàbí ìsàlẹ̀ gan-an wọn bí ẹ bá lè yẹra, bí ẹ kò bá sì lè yẹra, ẹ pa iná apá ibẹ̀ ní bírékà. Níbi tí wáyà bá gba inú òpó kọjá, òfin iṣẹ́ iná wọn ní kí ihò náà jìn tó íǹṣì 1¼ sí ojú igi, tàbí kí wọ́n fi irin pẹlẹbẹ bò ó. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi pé, bí bíìtì díríìlì yín bá kan irin, tí kò wọlé mọ́, ẹ má ṣe fi agbára kún un. Ẹnì kan ló fi irin yẹn síbẹ̀ láti gba ẹ̀mí yín là. Ẹ sún ihò náà síwájú.

Ní ti apá ibi tí ẹrù ń fà sí, ẹ gbé gálọ́ọ̀nù òróró kan mọ́ àyà yín. Ẹ lè dúró bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ wá na apá gbọọrọ, kí gálọ́ọ̀nù kan náà wà ní ìka ọwọ́ yín. Ìwọ̀n òróró ò lé rárá, ṣùgbọ́n èjìká ti ń ké. Àwòrán tó fara ti ògiri pẹlẹbẹ dà bíi gálọ́ọ̀nù àyà: ìsàlẹ̀ ló ń fà sí, ògiri sì lè fara da èyí dé ìwọ̀n kan. Pẹpẹ àti tẹlifíṣàn alápá ni gálọ́ọ̀nù ọwọ́ nínà: ńṣe ni wọ́n ń fa síkúrù òkè jáde kúrò lára ògiri, ìyẹn gan-an ni ẹfun ò sì lè gbà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò tẹlifíṣàn yín. Ká ní ó wọ̀n pọ́n-ùn 40. Ká ní apá rẹ̀ nà jáde ní íǹṣì 20, tí síkúrù òkè àti ti ìsàlẹ̀ lára ògiri sì fi íǹṣì 10 jìnnà síra. 40 lọ́nà 20, ẹ pín in sí 10: pọ́n-ùn 80 ni agbára tó ń fa àwọn síkúrù òkè jáde, bẹ́ẹ̀ ẹ ò tíì ka ìwọ̀n apá irin náà mọ́ ọn. Ẹ ò sì tíì ka ọjọ́ tí ọ̀kan nínú àwọn ìbejì máa rọ̀ mọ́ ọn.

Ẹ má sì gba nọ́ńbà ara páálí anchor gbọ́ tán. Iye tí wọ́n kọ síbẹ̀ lè jẹ́ ibi tí nǹkan náà ti já nígbà tí wọ́n dán an wò, lára drywall tuntun tí kò rí omi rí, tí ọwọ́ tó lu ihò náà kò sì gbọ̀n. Èmi máa ń pín in sí mẹ́rin, n ó sì mú ìdá kan. Tí wọ́n bá kọ 80, 20 ni lójú mi. Ilé Houston náà sì tún ní tirẹ̀: ẹni tó rí òkìtì drywall lójú títì lẹ́yìn ìjì Harvey ní 2017 mọ ohun tí omi ń fi gypsum ṣe. Bí ògiri bá ti mu omi rí, tó sì rọ̀ bí ẹ ṣe fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, kò sí anchor tó yẹ ẹ́. Ẹ pààrọ̀ ibẹ̀ ná.

Ó wá ku àwọn anchor fúnra wọn. Ike kékeré tó máa ń bá nǹkan wá nínú páálí, ẹ lè jù ú nù, tàbí kí ẹ tọ́jú rẹ̀ dìgbà tí ẹ bá lọ sílé níbi tí búlọ́ọ̀kù wà. Bí ẹ bá rin kinkin pé ẹ fẹ́ lò ó, kó má gbé ju pọ́n-ùn márùn-ún lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni èyí tó ní eyín ńlá bíi síkúrù, tó ń lu ihò fúnra rẹ̀, oníke tàbí onírin. Mo máa ń lò ó fún aago, fún kọ́tíìnì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, fún àwòrán tó tó pọ́n-ùn 15 tàbí 20. Síkúrù-díráfà ọwọ́ ni kí ẹ fi yí i dé ìparí, kì í ṣe díríìlì, torí bó bá ti dọ́gba pẹ̀lú ojú ògiri, tí ẹ wá fi ìyí kan péré lé e, eyín rẹ̀ á ti lọ ẹfun náà di ìyẹ̀fun, á wá máa yí lófìfo. Bó bá ti ń yí lófìfo, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ má fi igi ìtayín tàbí gúlúù tàn án. Ẹ fa á yọ, kí ẹ lo ihò náà fún bóòtù abìyẹ́.

Molly náà wà, onírin tó máa ń la ẹsẹ̀ bí agboorùn lẹ́yìn ògiri bí ẹ ṣe ń yí síkúrù rẹ̀. Ó dára, àmọ́ ó fẹ́ kí ẹ mọ ìnípọn ògiri kí ẹ tó rà á, torí oríṣiríṣi gígùn ló ní. Bó bá gùn jù, kò ní fún mọ́ ẹ̀yìn ògiri láéláé.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni bóòtù abìyẹ́, tí wọ́n ń pè ní toggle bolt. Bóòtù gígùn kan ni, ó ní ìyẹ́ irin méjì lórí, pẹ̀lú sípíríǹgì láàárín wọn. Ẹ ó pa ìyẹ́ náà pọ̀ bí ẹyẹ tó wọ ìtẹ́, ẹ ó tì í wọ inú ihò, bó bá ti kọjá sẹ́yìn ògiri, sípíríǹgì á ta á sílẹ̀, ìyẹ́ á nà. Láti ìgbà náà lọ, kì í ṣe ẹfun inú ihò ló gbé ẹrù mọ́, gbogbo ẹ̀yìn ògiri tí ìyẹ́ náà tẹ̀ mọ́ ni. Ìyọnu tirẹ̀ ni pé ihò ńlá ló ń fẹ́: èyí tí bóòtù rẹ̀ jẹ́ 3/16 ń gba ihò ìdajì íǹṣì, ti 1/4 sì ń gba 5/8. Ohun tó ní láti bo ihò yẹn gbọ́dọ̀ wà.

Ibi tí gbogbo èèyàn ti ń ṣì í ni pé wọ́n á ti ti ìyẹ́ wọ ògiri tán kí wọ́n tó rántí pé irin pẹpẹ yẹ kó ti wà lọ́rùn bóòtù. Bí ẹ bá wá yọ bóòtù náà kúrò, ìyẹ́ á já sínú ògiri, ẹ ó gbọ́ ọ tó ń dún kóló-kóló lọ sísàlẹ̀, ó parí. Torí náà, irin kọ́kọ́ wọ bóòtù, lẹ́yìn náà ni ìyẹ́, lẹ́yìn náà ni ògiri. Bí ẹ bá wá ń fún un le, ẹ máa fa irin náà sọ́dọ̀ ara yín bí ẹ ṣe ń yí i, kí ìyẹ́ lè tẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ògiri, kó má baà máa bá bóòtù yí. Ó ti dé báyìí, oríṣi kan tó ní okùn ike méjì lẹ́yìn, tí irin rẹ̀ máa ń dúró síbẹ̀ bí ẹ tilẹ̀ yọ bóòtù kúrò. Owó rẹ̀ ga díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá ṣe iṣẹ́ yìí rí, òun ni mo ní kó rà. Ihò ìdajì íǹṣì ni tirẹ̀.

Àjà ńkọ́? Bó bá ju fìtílà bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lọ, igi àjà ni kí ẹ wá. Mi ò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọ ilé yín. Tẹlifíṣàn alápá: kò sí anchor kankan níbẹ̀. Òpó méjì ni kí awo irin rẹ̀ jókòó lé, pẹ̀lú bóòtù igi tó nípọn tó bá a wá, lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi bíìtì tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù ú lọ la ojú ọ̀nà fún un. Ìwé tó wà nínú páálí á sọ iye bíìtì náà. Bí awo irin náà bá kéré tó jẹ́ pé òpó kan ṣoṣo ló lè dé, ẹ dá a padà, kí ẹ ra èyí tó fẹ̀. Ẹni tó bá sọ fún yín pé toggle mẹ́rin tó o, ẹ ní kó wá kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ rọ̀ mọ́ ọn.

Pẹpẹ kíṣìnì: ẹ má jẹ́ kí ojú nìkan yan ibi tí apá irin máa wà, ẹ jẹ́ kí òpó yan án. Bí apá kan bá wà lórí òpó kìíní, kí èkejì wà ní íǹṣì 32 sí i, òpó kan á wà láàárín tí ẹ ò fọwọ́ kàn. Ẹ ra apá irin tó ga dáadáa lára ògiri. Pẹpẹ tó jìn ní íǹṣì 10, tó gbé pọ́n-ùn 40 tó tò káàkiri orí rẹ̀, àárín rẹ̀, íǹṣì 5, la fi ń ṣírò: bí apá irin rẹ̀ bá ga ní íǹṣì 8, 40 lọ́nà 5, ẹ pín in sí 8, pọ́n-ùn 25 ni àpapọ̀ ohun tó ń fa síkúrù òkè jáde. Bó bá ga ní íǹṣì 4 péré, 50 ni. Bí apá kan bá ṣàdédé bọ́ sí òfìfo, bóòtù abìyẹ́ 1/4 ni kí ẹ fi sí i lókè nísàlẹ̀, kí ẹ sì to àwọn ìgò tó wúwo sápá ibi tí òpó wà. Odó ò sí níbẹ̀ o, bó ti wù kó kéré tó.

Dígí tuntun: ìkọ́ méjì ẹ̀yìn rẹ̀ kì í sábà bá òpó méjì mu. Ọgbọ́n káfíńtà nìyí. Ẹ wá pákó líle kan tó nípọn ní íǹṣì ¾, ẹ fi ayùn là á gígùn láàárín, kí ayùn dagun, kì í ṣe kó dúró ṣánṣán, kí pákó lè di méjì tí etí wọn ń kọ́ ara wọn. Ẹ kan ọ̀kan mọ́ òpó méjì lára ògiri, etí rẹ̀ kí ó kọjú sókè, kí ṣóńṣó rẹ̀ sì yà kúrò lára ògiri. Ẹ kan èkejì mọ́ férémù igi dígí lẹ́yìn, kí tirẹ̀ dorí kodò. Ẹ gbé dígí náà, ẹ jẹ́ kí pákó ẹ̀yìn rẹ̀ kọ́ mọ́ ti ara ògiri, ó tán. Ẹ lè tì í sọ́tùn-ún tàbí sósì láì lu ihò mìíràn, àjálù òru ò sì sí níbẹ̀. Síkúrù tí ẹ máa lò sí òpó, kó gùn débi pé yóò wọ inú igi ní íǹṣì kan sí 1¼ lẹ́yìn tó bá ti kọjá pákó àti drywall; íǹṣì 2½ máa ń ṣe é.

Ẹ ò bi mí nípa àpótí aṣọ onídúróà tó wà ní yàrá àwọn ìbejì, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ọmọdé máa ń fa dúróà jáde, á gùn ún bí àkàbà, àpótí á sì wó lù ú. Ọmọ ti kú báyìí ní orílẹ̀-èdè yìí débi tí wọ́n fi ṣòfin rẹ̀, STURDY Act, tí wọ́n fọwọ́ sí ní ìparí 2022: láti oṣù kẹsàn-án 2023, àwọn tó ń ṣe irú àpótí yìí gbọ́dọ̀ ṣe é kó má máa wó bẹ́ẹ̀. Ti àtijọ́ ò sí nínú ẹ̀, tuntun pàápàá sì nílò ìdè. Bẹ́líìtì tó ń bá a wá, òpó igi ni kí síkúrù rẹ̀ wọ̀. Ẹ ṣe èyí kí ẹ tó fọwọ́ kan dígí.

Ọdún wo ni wọ́n kọ́ ilé náà? Bó bá ti wà ṣáájú 1978, ọ̀dà rẹ̀ lè ní òjé nínú, torí náà ẹ mú aṣọ tútù dání bí ẹ bá ń lu ihò, kí ẹ fi nu eruku rẹ̀, ẹ má gbálẹ̀ ní gbígbẹ, kí àwọn ọmọ sì wà ní yàrá mìíràn.

Ní ti ihò mẹ́rin tó ya yẹn, ẹ fi ọ̀bẹ gé gbogbo páálí tó ṣí sókè kúrò, torí bí ẹ bá fi ìpara bò ó bẹ́ẹ̀, á wú. Ẹ ra àwọ̀n tó ń lẹ̀, ẹ fi bo ihò, ẹ wá fi ìpara drywall pa á fẹ́lẹ́ nígbà mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ gbẹ kí ẹ tó fi èkejì lé e. Ẹni tó bá kó gbogbo rẹ̀ lé e lẹ́ẹ̀kan náà, á sán bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ fi yanrìn bébà pa á rẹ́, kí ẹ kun ún. Ojú ibẹ̀ á dọ́gba, ṣùgbọ́n agbára ò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹ má tún lu anchor síbẹ̀, ẹ sún un ní íǹṣì mẹ́ta ó kéré tán.

Àwòrán bàbá àgbà ńkọ́? Bí ẹ bá rí i gbé wá láti Ìbàdàn, tí kò sì ju pọ́n-ùn mẹ́wàá lọ, ẹ wá òpó, ẹ kan ìṣó kan ṣoṣo tó gùn ní íǹṣì méjì, kí ẹ jẹ́ kí orí rẹ̀ gbé sókè díẹ̀. Bàbá wọn ni kí ẹ jẹ́ kó fi òòlù lù ú.